Ìlà Tí Tíṣà Kọ́ Wa, àti Afárá Tí Kò Nírin

Rótìmí kì í jókòó jẹun mọ́. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Bó bá fi òkèlè kan sẹ́nu, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á wo ìta, á tún padà wá bu òmíràn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kadà ló ń gùn, láti oríta Adébáyọ̀ l'Ádó lọ sí Ìjan. Iṣẹ́ náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, torí kò jẹ́ kó dúró lójú kan. Àmọ́ bó bá ti kù díẹ̀ kó wọ Ìjan, lórí afárá odò Alámọ̀, á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti ọ̀kadà lọ. Èrò ẹ̀yìn rẹ̀ náà á sọ̀.

Mùlíkàt sọ̀ lọ́jọ́ kan, inú bí i. Aṣọ òkìrìkà ló ń tà. Ọmọ Ìwó ni, ọkọ ló bá wá sí Ìjan.

"Ṣé epo ló tán ni?"

"Epo wà."

"Táyà ló jò?"

"Kò jò."

"Kí ló wá dé tí mo fi ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ọ̀kadà tí mo sanwó fún?"

"Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín."

Mùlíkàt wò. Kò sí irin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá náà. Etí kọnkéré tí kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òfuurufú. Lẹ́yìn òfuurufú, àpáta àti omi.

"Ibẹ̀ yẹn ni bùrọ̀dá mi já sí," Rótìmí wí.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, Mùlíkàt ló ń kọ́kọ́ sọ̀.

Ìbítóyè lorúkọ bùrọ̀dá náà. Awakọ̀ Tíṣà ni.

Tíṣà yìí ni Sẹ̀gilọlá, obìnrin aṣòfin tó ń ṣojú ẹkùn náà nílé ìgbìmọ̀ l'Ádó. Ọnọ́rébù ni wọ́n ń pè é l'Ádó. Ìjan ò pè é bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni wọ́n ń pè é, torí ó ṣòro kéèyàn rí ẹni tó dàgbà sí ìlú náà tí Tíṣà ò tíì nà lẹ́gba rí.

Kí ó tó di aṣòfin, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjan ló ti ń kọ́ni. Kò fẹ́ràn ariwo. Ìlà ló fẹ́ràn. Láàárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á tò. Ẹnì kan á dúró síwájú, á gbé pátákó tí wọ́n kọ nọ́ńbà kíláàsì sí sókè. Òfin Tíṣà ò ju méjì lọ. Ibi tí pátákó bá gbà ni kí ìlà gbà. Ẹni tó bá jáde lórí ìlà, á jẹgba, á sì padà sẹ́yìn pátápátá.

Ọmọ kan gbé pátákó lọ́jọ́ kan, kò wo iwájú, ó bọ́ sínú gọ́tà. Gbogbo kíláàsì tẹ̀lé e bọ́ sí gọ́tà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsọ̀rọ̀. Tíṣà ní àwọn yòókù ṣe é dáadáa. Ẹni tó gbé pátákó nìkan ló nà. Rótìmí ni ọmọ náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló fi ilé-ìwé sílẹ̀, àmọ́ àwọn tó bá a bọ́ sí gọ́tà ṣì wà nílùú, wọ́n ti di bàbá ọmọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Tíṣà jáde fún ipò, kò ré kọjá ìdìbò abẹ́lé. Ìdìbò abẹ́lé ni ẹgbẹ́ fi ń mú ẹni tí yóò gbé àsíá wọn. Ní ìlú bí Ìjan, wọn kì í tẹ̀ka sí ohunkóhun. Wọ́n á lẹ fọ́tò àwọn tó ń du ipò mọ́ orí igi, ẹnì kan á gbé ti ẹni kọ̀ọ̀kan sókè, kálukú á tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́. Wọ́n á wá ka orí. Lọ́dún náà, ẹni tó bá Tíṣà du ipò ti pín ìrẹsì. Tíṣà ò pín nǹkan kan. Àwọn tó kọ́ ní á-bí-dí tò sẹ́yìn onírẹsì, wọ́n dojú kọlẹ̀ bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Tíṣà rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní, "Ìlà yín wọ́."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ọ̀rọ̀ náà dun ìlú ju èébú lọ.

Nígbà kejì, Ìbítóyè ló gbé fọ́tò rẹ̀. Takisí ló ń wà nígbà náà. Ó ga, kì í mira, bó bá dúró ẹ ó rò pé òpó ni. Ìlà Tíṣà gùn lọ́jọ́ náà títí ó fi ká ilé ìgbẹ́ ilé-ìwé. Ó wọlé abẹ́lé, ó wọlé ìbò gan-an. Ó gbẹ́ bọ́hóòlù, ó kan òrùlé ilé-ìwé. Ó mú Ìbítóyè ní awakọ̀.

Nígbà kẹta, ó ti kó lọ sí Òkè-Ìlá l'Ádó. Jíìpù rẹ̀ ní gíláàsì dúdú, wọn kì í sì í yí gíláàsì náà wálẹ̀. Ẹgbẹ́ tún fà á kalẹ̀, àmọ́ nígbà tí ìbò gan-an dé, ó fìdí rẹmi. Àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní, "Tíṣà ti gbàgbé ulé. Ẹ jẹ́ ó jókòó kó rántí."

Ó jókòó ọdún mẹ́rin. Ó rántí. Nígbà kẹrin, ẹsẹ̀ ló fi rìn kiri Ìjan. Ó dé orí afárá Alámọ̀, ó na ọwọ́ sí etí rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ n padà wọlé, irin á wà níbí." Wọ́n jẹ́ kó padà wọlé.

Ó sọ̀rọ̀ irin náà nílé ìgbìmọ̀ lóòótọ́. Ilé ní kí àwọn tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀nà nínú wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò lọ. Ìbítóyè a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ bó bá ń wa Tíṣà lọ sílé.

"Tíṣà, ṣé àwọn ọnọ́rébù yẹn ò mọ ọ̀nà Ìjan ni? Ẹ ní kí wọ́n wọlé sẹ́yìn ọkọ̀, màá gbé wọn dé ibẹ̀."

"Ìbítóyè, wo iwájú rẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbítóyè gbé jíìpù sílẹ̀ ní Òkè-Ìlá, ó yá ọ̀kadà àbúrò rẹ̀ lọ sílé. Lọ́rì tó kó pákó pàdé rẹ̀ lórí afárá. Lọ́rì gba gbogbo ọ̀nà. Ìbítóyè yà fún un. Kò síbi tó lè yà sí.

Ọ̀kadà náà ò fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́. Òun náà ni Rótìmí ṣì ń gùn.

Tíṣà sunkún létí sàréè títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní kí òjò mìíràn tó rọ̀, irin á wà lórí afárá yẹn. Òjò rọ̀. Ó dá. Òmíràn ti ń ṣú bọ̀.

Ìgbà náà ni jíìpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rótìmí ní oríta Adébáyọ̀. Gíláàsì wálẹ̀.

"Olúwarótìmí."

"Tíṣà mà." Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà.

"Dìde. O ò wá kí mi mọ́."

"Mò ń rìn kiri ni mà."

"Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní o ò jókòó mọ́." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń fi ilẹ̀ ṣeré. "Ìdìbò abẹ́lé ti dé. Mo fẹ́ kí o gbé fọ́tò mi. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń dúró sí ni kí o dúró. Bí wọ́n bá rí ọ níbẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ò bínú sí mi."

"Irin ńkọ́ mà?"

"Lẹ́yìn ìbò."

"Tíṣà, ẹ ti sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé eléyìí."

"Mo mọ̀ pé mo sọ ọ́. Bí mi ò bá padà síbẹ̀, ta ni yóò máa sọ ọ́? Ọláoyè?"

Ọláoyè ni kọ̀ngílá, agbaṣẹ́ṣe ìjọba, tó fẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì rí i kó fẹsẹ̀ tẹ afárá náà rí. Rótìmí ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Bí Tíṣà bá ṣubú, ọ̀rọ̀ irin kú. Bí Tíṣà bá wọlé, lẹ́yìn ìbò. Lẹ́yìn ìbò wo?

"Màá dúró mà," ó ní.

"Ṣé o lè dúró? Wọn kì í mira níbẹ̀ o."

"Màá gbìyànjú."

Pápá ilé-ìwé ni wọ́n ti ṣe é. Tíṣà àti Ọláoyè jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn bí orogún méjì. Rótìmí dúró sójú ibi tí Ìbítóyè máa ń dúró sí, ó gbé fọ́tò Tíṣà sókè lórí igi. Àwọn èèyàn wò ó. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ìlà náà gùn ju ti Ọláoyè lọ, afọ́jú pàápàá á mọ̀ ọ́n. Mùlíkàt wà láàárín rẹ̀.

Ọkùnrin onígíláàsì ojú kan tí ẹgbẹ́ rán wá láti Adó ló fẹ́ kà á. Lọ́dún kan rí, àwọn kan ti sá láti ìlà kan bọ́ sí èkejì, wọ́n ka orí kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà ó pariwo:

"Ẹ gbọ́ o! Ìlà Ọláoyè ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dé orí ìlà kejì, ẹni tí mi ò bá bá nínú pápá yìí, mi ò ní kà á. Ẹ má mira!"

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń kan orí wọn, ó lọ́ra. Oòrùn mú. Rótìmí gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé tòsì.

Dásọ́lá ló gbé fọ́tò Ọláoyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíláàsì kan náà ni wọ́n. "Rótìmí, ṣé eèrà wọ ṣòkòtò ẹ ni?"

"Panu mọ́."

"Ijó lò ń jó yìí. Tíṣà! Ẹni tẹ́ ẹ mú yìí á sá mọ́ yín lọ́wọ́ o!"

"Dásọ́lá!" Tíṣà dáhùn láti abẹ́ máńgòrò. "Ojú síwájú!"

Dásọ́lá ti kọjú síwájú, ó ti na ara gbọnrangandan, kó tó rántí pé òun kì í ṣe ti Tíṣà lọ́jọ́ náà. Pápá bú sẹ́rìn-ín.

Rótìmí ò rẹ́rìn-ín. Ó ń tiraka. Ó ń rò ó pé ẹ̀gbọ́n òun dúró níbí, kò mira. Kí ló ń rò nígbà náà? Bóyá kò ro nǹkan kan. Bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni họ́ọ̀nù dún láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà Adó. Họ́ọ̀nù lọ́rì, tó gùn, irú èyí tí wọ́n fi ń lé èèyàn kúrò lórí afárá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Òun kọ́ ló rán an. Ìṣísẹ̀ kan, òmíràn, fọ́tò Tíṣà ń mì lókè orí rẹ̀. Ó dé ẹnu géètì kó tó rántí ara rẹ̀. Ó wẹ̀yìn wò kó lè sáré padà.

Ìlà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo ìlà. Àgbà, ọ̀dọ́, àwọn tó ti hu ewú, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ṣin-ṣin, ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ojú síwájú. Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́ ohùn: "Léfù, ráì, léfù, ráì."

Mùlíkàt nìkan ló ń béèrè. "Níbo là ń lọ?"

"A ò mọ̀," obìnrin iwájú rẹ̀ dáhùn.

"Ẹ ò mọ̀, ẹ wá ń lọ?"

"Fọ́tò ló ń lọ. Ṣé ìwọ ò ṣe ilé-ìwé Tíṣà ni?"

"Ìwó ni mo ti kàwé."

"Ó hàn."

Rótìmí dúró ní géètì. Ọkùnrin onígíláàsì ò tíì ka ìlà Ọláoyè dé ìdajì. Àyè wà. Bó bá yí padà, wọ́n á yí padà, wọ́n á kà wọ́n, Tíṣà á wọlé. Lẹ́yìn ìbò. Ó wo pápá. Ó wo ọ̀nà. Họ́ọ̀nù tún dún.

Ó yà sí ọ̀nà afárá. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló rán ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, àwọn obìnrin pa ẹ̀rọ kí wọ́n lè rí wọn dáadáa. Rótìmí gun orí afárá, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ títí dé ibi tó mọ̀. Ìlà tò sẹ́yìn rẹ̀ lórí etí afárá, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

"Olúwarótìmí! Dúró!"

Ìlà dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà sáré dé, ó fi ọwọ́ kan di gèlè mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Rárá mà."

"Dá wọn padà! Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka tiwọn tán. Tó bá yíjú sí ìlà mi, igi máńgòrò ni yóò bá níbẹ̀."

"Ẹ pè wọ́n padà mà. Ohùn yín ni wọ́n ń gbọ́. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́." Omi ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. "Ẹ kọ́kọ́ wá dúró síbí ná. Ibi tí mo wà yìí."

Tíṣà wo ẹ̀yìn, apá ilé-ìwé. Ó wo Rótìmí. Ó wá dúró síbẹ̀.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tí lọ́rì kan fi yọ. Pákó ló kó. Ó fun họ́ọ̀nù, kò dẹwọ́. Ìlà fún ara mọ́ etí afárá. Ẹnikẹ́ni ò sá, torí sísá ni kéèyàn jáde lórí ìlà. Tíṣà rí gìgísẹ̀ ìyá arúgbó kan tó ti yọ sí òfuurufú.

"Ẹ di ara yín mú!" ó kígbe. "Ẹ di ara yín mú o!"

Wọ́n di ara wọn mú. Lọ́rì kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ ṣí gèlè kúrò lórí Tíṣà, ó fò kọjá etí afárá, ó balẹ̀ sórí omi, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ.

Tíṣà wò ó lọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n pẹ̀lú ìka, bí ó ti máa ń kà wọ́n nílé-ìwé nígbà tí wọ́n bá ti odò padà. Ó kà á dé òpin.

"Ẹnì kan ló kù," ó ní.

"A pé mà," ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ẹ ò pé."



Ọ̀kadà kan wá láti apá ìlú, Dásọ́lá ló wà lórí rẹ̀. Ó ń pariwo kó tó dé.

"Wọ́n ti kà á o! Òfo! Tíṣà, òfo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ yín! Ọláoyè ti ń jó!" Ó rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú wọn, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Tíṣà jókòó sí etí kọnkéré náà. Ó fìdí rẹmi rí, ó wọlé rí. Òfo ni kò jẹ rí.

"Rótìmí."

"Mà."

"Láti pápá dé ibí, ẹnì kankan ò jáde lórí ìlà?"

"Ẹnì kankan ò jáde mà."

"Hm." Ó nu ojú. "Mo kọ́ wọn dáadáa."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Ó ran gbogbo wọn, ó ran Tíṣà náà, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ̀. Ìlà ò tú síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́n ń retí kí ẹnì kan sọ pé kí wọ́n tú.

Mùlíkàt ló sú. "Ẹ̀yin ará ibí! Ẹ mọ ìlà í tò, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ lè fi ìlà ṣe? Ọparun kún ìsàlẹ̀ odò yẹn. Ẹ gé e, kẹ́ ẹ máa na án fún ara yín bọ̀ lókè. Àbí títí dìgbà wo lẹ fẹ́ máa wo omi?"

Wọ́n wo Tíṣà. Tíṣà mi orí pé kí wọ́n lọ.

Dásọ́lá ló lọ mú àdá wá. "Èmi kì í ṣe ti Tíṣà o," ó ń sọ fún ẹni tó bá ṣáà ń gbọ́, "ẹ̀gbọ́n Rótìmí ni mo ń ṣe é fún." Ó gé ọparun títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìlà ń na ọparun láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti etí odò dé orí afárá. Wọ́n wá okùn, wọ́n wá wáyà. Òpó àkọ́kọ́ tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ afárá, igi tí Rótìmí gbé fọ́tò mọ́ ni. Kò yọ fọ́tò náà kúrò. Kò sẹ́ni tó ní kó yọ ọ́.

Òjò fọ ojú Tíṣà kúrò lórí igi náà kó tó di pé sáà rẹ̀ pé. Ó tún sọ̀rọ̀ afárá nílé ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé ní kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti padà sí Ìjan báyìí, ó ń gbin àgbàdo. Ọláoyè wọlé. Ó gba orí afárá kọjá lọ́jọ́ kan, ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó ní ọparun yìí ń dójú ti ìlú, òun máa fi irin sí i, kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀. Rótìmí ń so okùn lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó fa okùn náà wò. Ó le.

Ojoojúmọ́ ló ń dúró síbẹ̀ láti fa okùn wò. Ó ṣì ń pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣì ń sọ̀. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ra àgbàdo sísun lọ́nà. Ó yẹ okùn wò tán, ó fẹ̀yìn ti ọparun díẹ̀díẹ̀, ó dán an wò. Ọparun gbà á. Ó jókòó sí etí afárá, ó ń jẹ àgbàdo.

Mùlíkàt, tó ti sọ̀, tó di ẹrù òkìrìkà rẹ̀ mú, wò ó títí.

"Ṣé a ò lọ mọ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́ tán," Rótìmí wí.